Ìbọn ogun àtijọ́ fún ẹni tówó ẹ̀ ò pọ̀: ojúlówó àti ẹ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Fọ́tò kan wà lára ògiri pálọ̀ wa n'Íjẹ̀bú-Òde. Bàbá tó bí bàbá mi ló wà nínú ẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù lọ́rùn, fìlà tí wọ́n ká etí ẹ̀ kan sókè lórí, ìbọn gígùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ bí ọ̀pá. Àwọn ará ilé ò mọ̀ ju pé ìgbà tí bàbá ń lọ Bọ́mà ni wọ́n yà á, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní 82nd Division ló bá lọ, ó lọ ó sì bọ̀, ó sì kú láìsọ nǹkan púpọ̀ nípa ẹ̀. Àtikékeré ni ojú mi ti wà lára ìbọn yẹn.

Nígbà tí mo wá dé Houston tí mo rí i pé èèyàn lè wọ ṣọ́ọ̀bù kó bá irú ẹ̀ pàdé, inú mi dùn gan-an, àfi ìgbà tí mo wo iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ti ń lọ sí ọdún 9 báyìí, mo ti ra èyí tó dáa, mo ti ra èyí tí mi ò bá má rà, mo ti bá àwọn tó ń ṣe eré ogun àtijọ́ rìn nínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ wa tó bá sì wá sílé tí wọ́n rí nǹkan tí mo gbé kọ́ ògiri, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: bọ̀dá, èwo ni kí n rà tí ò ní gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ mi? Mo fẹ́ dáhùn ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí mo gbà gbọ́ rèé o. Kò sí ẹ̀dà tó pọ́ọ́kú tí wọn ò yọ nǹkan kan kúrò lára ẹ̀. Òmíràn, ìró ẹ̀ ni wọ́n yọ. Òmíràn, ọta ńlá ẹ̀ ni wọ́n fi kékeré pààrọ̀. Òmíràn, kò lè yìn rárá. Ẹni tó bá mọ ohun tóun lè fara mọ́ pé kó má sí níbẹ̀, owó díẹ̀ ló máa ná, ẹni tó bá ní gbogbo ẹ̀ lòun fẹ́, àfi kó ra ojúlówó. Nítorí náà kẹ́ ẹ tó wo iye kankan, ẹ bi ara yín: ṣé ara ògiri ló máa wà ni, ṣé ẹ fẹ́ gbé e lọ síbi eré ogun, àbí ẹ fẹ́ yìn ín ní réènjì, ìyẹn pápá ìyìnbọn?

Kí ló dé tí tuntun fi wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ?

Ìbéèrè yìí máa ń dun àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní ṣebí nígbà ogun, pọ́ọ́kú ni wọ́n ń ṣe nǹkan yìí, ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí sì dáa ju ti ìgbà yẹn lọ, kí ló wá ṣẹlẹ̀? Òótọ́ ni, M1 Carbine, ìbọn fífúyẹ́ ti ọmọ ogun Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kò ju bíi dọ́là 45 tí ìjọba wọn ń san lórí ẹyọ kan lọ, Garand tó jẹ́ ìbọn gígùn wọn jẹ́ bíi dọ́là 85. Thompson, ìbọn arọ̀jò-ọta wọn, tó jẹ́ dọ́là 209 lọ́dún 1939, nígbà tó fi máa di 1944 tí wọ́n ti gé gbogbo fáàrí kúrò lára ẹ̀, ó ti wálẹ̀ sí bíi 45. Àmọ́ ẹ wo iye tí wọ́n ṣe: M1 Carbine nìkan lé ní mílíọ̀nù 6. Ẹ wo àwọn tó ṣe é pẹ̀lú, kì í ṣe àwọn oníbọn nìkan o, Underwood tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀, IBM wà níbẹ̀, Rock-Ola tó ń ṣe àpótí orin tí wọ́n ń jù kọ́bọ̀ sí ní ilé ọtí náà wà níbẹ̀. Owó irin ìtẹ̀ àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é, orí mílíọ̀nù ìbọn ni wọ́n pín in sí. Lónìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà, bóyá ẹgbẹ̀rún mélòó kan ló máa rí tà, owó ẹ̀rọ kan náà ló sì máa pín sórí wọn. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà, kì í ṣe pé ẹnì kan ń rẹ́ yín jẹ.

Ẹ tún wo àwọn ìbọn Jámánì tí gbogbo èèyàn ń lá àlá ẹ̀. FG42 táwọn ọmọ ogun tó ń fi párásúùtì balẹ̀ lò, ilé-iṣẹ́ kan ní Texas níbí, SMG, ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀ tó dáa débi tí ẹnu máa ń yà mí, ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà mélòó kan ni. Ọ̀rẹ́ mi kan san owó sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ mìíràn tó ní òun fẹ́ ṣe ẹ̀dà ìbọn Jámánì kan ní owó tó rọjú, ọdún ń gorí ọdún, ìbọn ò dé, owó náà ò sì padà. Ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ má san kọ́bọ̀ sílẹ̀ fún ìbọn tí wọn ò tíì ṣe. Èyí tó wà lórí káńtà ni kẹ́ ẹ rà.

M1 Carbine: ìbọn kan, ọ̀nà mẹ́fà

Mo fẹ́ fi èyí ṣe àpẹẹrẹ torí pé òun nìkan ni mo mọ̀ tó ní gbogbo irú ẹ̀dà tó wà, èèyàn sì lè tò wọ́n kalẹ̀ kó wò wọ́n lójú kan. Àwọn tí Garand wúwo jù fún ni wọ́n ṣe é fún, dírẹ́bà, àwọn tó ń gbé rédíò, àwọn ọ̀gá, àwọn tó ń yin àgbá. Kò tó kìlò 2 àti ààbọ̀, ọta 15 ló wà nínú ilé ọta ẹ̀, ọwọ́ obìnrin, ọwọ́ ọ̀dọ́, ọwọ́ àgbà, ó bá gbogbo ẹ̀ mu.

Ojúlówó ẹ̀ rèé, èyí tó lọ ogun. Lọ́dọ̀ wa níbí, èyí tó mọ́ díẹ̀ ti ń lọ sí dọ́là 1,000 sókè, tó bá wá jẹ́ pé orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ló wà lára ẹ̀, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àǹfààní ẹ̀ ni pé iye ẹ̀ kì í já, ẹ lè lò ó ọdún 10 kẹ́ ẹ tà á padà láìpàdánù. Ìṣòro ẹ̀ ni pé ẹ̀rù á máa bà yín láti gbé e sínú òjò.

Tuntun tó ń yin ọta kan náà, Auto-Ordnance ń ṣe é. Iye ẹ̀ ò jìn sí ti ojúlówó, ibẹ̀ ni mi ò ti rí ọgbọ́n ẹ̀. Àfi tó bá jẹ́ pé yínyìn lẹ fẹ́ máa yìn ín gan-an tí ẹ ò sì fẹ́ ba nǹkan ìtàn jẹ́, nígbà náà ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ má gbàgbé owó ọta o, ọta .30 Carbine tí mo rà kẹ́yìn, ẹyọ kan lé ní 50 sẹ́ńtì, tẹ́ ẹ bá yin 100 lọ́jọ́ Sátidé kan ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín.

Chiappa ti Ítálì wá ń ṣe M1-22. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde, ìrísí M1 Carbine ni, àmọ́ ọta .22 kékeré ló ń yìn, èyí tí ẹyọ ẹ̀ lè má tó 10 sẹ́ńtì. Bíi dọ́là 300 ni ìbọn náà. Ohun tí wọ́n yọ: agbára ẹ̀, ìró ẹ̀, bó ṣe ń ti èèyàn léjìká, ẹ̀rọ inú ẹ̀ náà kì í ṣe irú ti ogun. Ohun tó ṣẹ́kù: ìrísí ẹ̀, bó ṣe rí lọ́wọ́, ojú tẹ́ ẹ máa fi wo ibi tẹ́ ẹ ń yìn sí. Òun ni mo ń fi kọ́ ọmọ mi àgbà ní réènjì, ọmọ náà ò fẹ́ kúrò níbẹ̀ tó bá ti mú un dání. Tí wọ́n bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fún ẹni tó fẹ́ máa yìnbọn ní pọ́ọ́kú, òun ni mo máa mú, mi ò ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Kìkì pé ẹ jẹ́ kó mọ́ ṣáá, ẹ sì gbìyànjú ọta oríṣi mẹ́ta mẹ́rin kẹ́ ẹ tó pinnu, torí èyí tí tèmi fẹ́ràn, ti aládùúgbò mi ò fẹ́ ẹ rárá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan èyí tó ń fi gáàsì CO2 yin ọta irin róbótó, orúkọ Springfield Armory ló wà lára ẹ̀. Ó máa ń mi jìgì díẹ̀ téèyàn bá yìn ín, èyí sì dùn. Nínú ọgbà ẹ̀yìnkùlé tó láàyè, tí òfin àdúgbò bá gbà á, èèyàn lè fi ṣeré. Ẹ dé gíláàsì ojú o, irin yẹn máa ń ta padà, ojú ò sì ní ìpààrọ̀.

Airsoft tiẹ̀, King Arms ṣe é, irin àti igi, ọta ike ló ń yìn. Ti àwọn tó fẹ́ máa bá ara wọn ṣeré ogun ni. Tẹ́ ò bá ní ẹgbẹ́ tẹ́ ẹ jọ máa ṣe é, ẹ fi sílẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni ti Denix, àwọn ará erékùṣù Menorca ní Sípéènì. Síǹkì àti igi ni, kò lè yin nǹkan kan, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ di èyí tó ń yìn torí irin ẹ̀ ò le tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́ ògiri, àlejò tó bá dúró ní ìgbésẹ̀ méjì ò ní mọ̀. Iye ẹ̀ ò sábà tó dọ́là 250. Fún ògiri àti fún ọmọ iléèwé tó fẹ́ ṣe eré ìtàn, òun ló tọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ohun ìṣeré lásán ni. Ẹ kàn wo àwọ̀ igi ẹ̀, ó máa ń pupa jù lójú mi, mo fi ìpara dúdú pa tèmi, mo fi sáńpépà ha á fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, ó wá rí bí ohun tó ti dàgbà.

Lee-Enfield, èyí tó jẹ́ tèmi

Ibí ni ọkàn mi wà, ẹ jẹ́ n pẹ́ díẹ̀. Àṣìṣe ńlá tí mo ṣe ni pé mo ti ra Lee-Enfield, ìbọn àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kí n tó wo fọ́tò bàbá dáadáa. No. 4 ni mo rà, ọ̀kan tó mọ́, mo san bíi dọ́là 700. Ìgbà tí mo lọ sílé tí mo yọ fọ́tò yẹn kúrò lára ògiri, tí mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ni mo rí i pé imú ìbọn tó wà lọ́wọ́ bàbá pẹlẹbẹ, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ gé e. No. 1 Mark III nìyẹn, èyí táwọn èèyàn ń pè ní SMLE, tó ti wà láti 1907. Ti No. 4, irin ẹ̀ máa ń yọ síta díẹ̀ níwájú igi. Nǹkan kékeré ni lójú ẹlòmíràn, àmọ́ ìbọn bàbá ni mo ń wá, kì í ṣe ìbọn ẹlòmíràn. Mo tà á, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fọ́tò nílé, ẹ wo imú ìbọn kẹ́ ẹ tó náwó.

Lórí Lee-Enfield, ọ̀rọ̀ ojúlówó àti ẹ̀dà yí padà pátápátá. Mi ò rí ilé-iṣẹ́ kankan tó ń ṣe tuntun ẹ̀ tó ń yin ọta ẹ̀, .303, ní ọ̀pọ̀, nǹkan tó sì fa èyí ò ṣòro: wọ́n ṣe ojúlówó ẹ̀ tó pọ̀ débi pé mílíọ̀nù lọ́nà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n máa ń sọ, ní Ìlú Ọba, ní Ọsirélíà, ní Íńdíà, ní Kánádà, ní Amẹ́ríkà. Ta ló fẹ́ bá irú iye bẹ́ẹ̀ du ọjà? Nítorí náà ojúlówó ni ẹ̀dà yín. Ohun tó wọ́n ni ọta ẹ̀, .303 kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rí ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, tẹ́ ẹ bá sì rí i, ẹyọ kan lé ní dọ́là kan.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà táwọn èèyàn ò kà sí, èmi sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an: Ishapore 2A1. Ilé-iṣẹ́ ìbọn Ishapore ní Íńdíà ló ṣe é ní àwọn ọdún 1960 sókè, ìrísí ẹ̀ jẹ́ SMLE láti imú dé ìdí, imú pẹlẹbẹ yẹn náà wà níbẹ̀, àmọ́ ọta 7.62 ti NATO ló ń yìn, èyí tó rọrùn láti rí. Ibi kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa fi dá a mọ̀ ni ilé ọta ẹ̀ tó ní igun mẹ́rin, ọta 12 ló ń gbà dípò 10. Tẹ́ ẹ bá dúró jìnnà, bàbá àgbà fúnra ẹ̀ ò lè sọ pé kì í ṣe òun ni. Owó ẹ̀ sábà máa ń rọjú díẹ̀ ju SMLE tó dáa lọ. Òun ni mo ń gbé lọ sí réènjì, SMLE ojúlówó tí mo pàpà rí wà nílé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mo ń yìn ín.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà nínú ojúlówó, ẹ gbé e lọ bá alágbẹ̀dẹ ìbọn tó ní láísẹ́ńsì kó yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́ ẹ tó fi ọta kankan sí i. Nǹkan tó ti lé ní 80 ọdún ni, ẹ ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí. Tẹ́ ẹ bá yin ọta àtijọ́ tí wọ́n ṣe fún ológun, ẹ fọ inú irin náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, omi gbígbóná àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó lo òróró, torí ohun tó ń tanná ran ètù nínú ọta yẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀, kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè ó ti dípẹtà.

Fún ẹni tó kàn fẹ́ wò ó tàbí gbé e lọ síbi eré ogun, Denix ti ń ṣe SMLE, ARES sì ń ṣe No. 4 airsoft tó ní igi gidi. Ti Denix lẹ máa mú tí ọ̀rọ̀ owó bá wà níbẹ̀.

Garand ńkọ́? Ẹ ṣáà mọ̀ pé Civilian Marksmanship Program, àjọ tó ń kọ́ ará ìlú ní ìbọn yínyìn, ní Alabama máa ń ta ojúlówó ẹ̀ fáráàlú, iye wọn sì dáa ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń tà á fún, ẹ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ ayìnbọn kan tí wọ́n mọ̀. Green card ò tó. Ọ̀pọ̀ àwa tá a ṣì ń dúró de ìbúra, ẹ ní sùúrù.

Èyí tí wọ́n ń ki ètù sí lẹ́nu, àti ọ̀rọ̀ Kírìjì

Níbi tí ẹ̀dà ti pọ́ọ́kú jù láìyọ nǹkan púpọ̀ kúrò ni ìbọn tí wọ́n ń ki ètù sí lẹ́nu, irú tí ṣakabùlà àwọn ọdẹ wa jẹ́. Gardone Val Trompia ní Ítálì, lẹ́bàá Brescia, ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀. Pedersoli ti wà níbẹ̀ láti 1957, Uberti láti 1959. Ohun tó mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà ń múra láti ṣe àjọ̀dún 100 ọdún ogun abẹ́lé wọn ní 1961, wọ́n ń wá ìbọn tó jọ ti ìgbà yẹn, ojúlówó ò tó, wọ́n wá gba Ítálì lọ. Ó ti lé ní 60 ọdún tí wọ́n ti ń tà á, owó ẹ̀rọ ti padà tipẹ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dà ìbọn ìléwọ́ Colt 1851 tí ilé-iṣẹ́ Pietta ń ṣe fi lè wà ní bíi dọ́là 300. Ẹ rántí ohun tí mo sọ lókè nípa mílíọ̀nù.

Àwọn ará Íńdíà náà ń ṣe Brown Bess, ìbọn àtijọ́ ti ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń ki lẹ́nu, iye ẹ̀ lè tó ìdajì ti Pedersoli. Ìyàtọ̀ wọn ni pé gbogbo irin Ítálì ló ń gba ilé ìdánwò ìjọba ní Gardone kọjá, wọ́n á yin ín pẹ̀lú ètù tó ju ti ojoojúmọ́ lọ, wọ́n á wá tẹ òǹtẹ̀ sí i. Ti Íńdíà, kì í sábà ní òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti fi rìn nínú ìlà àti láti fi ya fíìmù, ti Íńdíà tó. Láti ki ètù àti ọta sí i kẹ́ ẹ wá gbé ojú yín sún mọ́ ọn, ti Ítálì ni kẹ́ ẹ fowó rà, èmi ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn.

Nǹkan tó wá wú mi lórí jù rèé. Snider. Lọ́dún 1866 làwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba á wọlé, ìbọn àtijọ́ tí wọ́n ń ki lẹ́nu ni wọ́n gé ìdí ẹ̀, tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i kí ọta lè máa gba ẹ̀yìn wọlé. Irú ìbọn tó ń gba ẹ̀yìn jẹun yìí làwọn ará Èkó tó jẹ́ ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà rà ránṣẹ́ sílé nígbà ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé àtàwọn ọmọ ogun Èkìtì Parapọ̀ fi kojú àwọn Ìbàdàn ti Ààrẹ Látòósà. Ẹni tó ń ki ètù lẹ́nu, kó tó ki ẹyọ kan tán, ẹni tó ní Snider ti yìn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìró ìbọn àti àgbá yẹn náà ni wọ́n ní ó fún ogun náà lórúkọ. Tó bá jẹ́ pé ìtàn ilé wa lẹ fẹ́ gbé kọ́ ògiri, Snider sún mọ́ ọn ju ìbọn Hitler èyíkéyìí lọ, ó ń yà mí lẹ́nu pé kì í sí nínú ọ̀rọ̀ tá a bá ń sọ.

Ojúlówó Snider sì wà! Lọ́dún 2003, International Military Antiques àti Atlanta Cutlery ra gbogbo ohun tó wà nínú ilé ìkóbọnsí àtijọ́ ti ọba Nepal ní Kathmandu, ìbọn tó lé ní 50,000, Brown Bess, Snider, Martini-Henry, gbogbo ẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ayé Victoria, eruku bò wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n ṣì ń tà wọ́n. Torí pé ṣáájú 1899 ni wọ́n ti ṣe wọ́n, òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà ò kà wọ́n sí ìbọn, ohun àtijọ́ ni wọ́n pè é, àmọ́ ẹ wo òfin ìpínlẹ̀ yín. Èyí tí wọn ò tíì fọ̀ ló pọ́ọ́kú jù, ẹ̀yin náà lẹ máa fọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi fọ tèmi nínú gáréèjì, epo dúdú tó ti gan bí gọ́ọ̀mù, ìyàwó mi ò jẹ́ kí n gbé aṣọ yẹn wọ inú ilé. Ògiri ló wà, mi ò ní yìn ín. Ní ìfiwéra, ẹ̀dà tuntun ìbọn Enfield tí wọ́n fi ṣe Snider lè wọ́n ju ojúlówó Nepal yìí lọ. Ẹ rò ó wò.

Níbo lẹ ń gbé?

Iye owó nìkan kọ́ ló ń yan ìbọn fún èèyàn, òfin náà ń yàn. Àbúrò mi wà ní Leeds, ohun tó bá mi lára mu níbí kì í bá a lára mu níbẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, òfin 2006 ò jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀dà tó jọ ìbọn òde òní gan-an fún ẹni tí kò bá ní ìdí tí òfin mọ̀, bíi eré ogun àtijọ́, tíátà, fíìmù, mùsíọ́mù. Àmọ́ ẹ̀dà ìbọn tí irú ẹ̀ ti wà ṣáájú 1870 ò sí lábẹ́ ìyẹn. Ẹ rí i báyìí pé ní Leeds, Brown Bess ti Denix rọrùn láti rà, SMLE ti Denix kan náà á ní kẹ́ ẹ fi ìdí hàn. Èyí tí wọ́n ń pè ní deac, ìbọn ojúlówó tí wọ́n ti dí inú ẹ̀ pa tí ilé ìdánwò ní London tàbí Birmingham sì fún ní ìwé, ó bọ́ lọ́wọ́ òfin ẹ̀dà yẹn, kò sì nílò láísẹ́ńsì, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Ẹ ṣọ́ra fún deac àtijọ́ tí ìwé ẹ̀ ò bá ìlànà tuntun mu, títà ẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀. Máskẹ́ẹ̀tì, irú bíi Brown Bess, tó ń yìn gidi, ẹ máa gba ìwé àṣẹ shotgun lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ètù dúdú náà sì ní ìwé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Àbúrò mi wá fi ara balẹ̀, ó máa ń lọ wo ojúlówó ní mùsíọ́mù Royal Armouries tó wà nílùú wọn, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ra Brown Bess ti Denix kan sógiri.

Lọ́dọ̀ wa ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá wà lórí físà ọmọ iléèwé tàbí físà àbẹ̀wò, òfin àpapọ̀ ò gbà á láyè láti ní ìbọn gidi, àfi ìyàsọ́tọ̀ díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kan tì yín sínú ẹ̀, ìwé ìgbélùú yín ṣe pàtàkì ju Garand lọ. Denix tàbí airsoft ni kẹ́ ẹ máa rà títí ìwé á fi dé.

Ẹ̀dà náà ní ewu tiẹ̀, mo sì fẹ́ sọ eléyìí fún àwa tá a jẹ́ aláwọ̀ dúdú láìfi bò. Òfin ní kí airsoft àti ohun tó jọ ìbọn ní àwọ̀ ọsàn lẹ́nu. Ní oṣù November 2014, ọlọ́pàá Cleveland yìnbọn pa Tamir Rice, ọmọ ọdún 12, airsoft ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, àwọ̀ ọsàn ẹnu ẹ̀ ti kúrò. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni í jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sí òun? Ọlọ́pàá ò ní dúró wo apátí. Nítorí náà àwọ̀ yẹn, ẹ má yọ ọ́, ẹ má kùn ún ní dúdú. Gbogbo ohun tó jọ ìbọn tó bá máa kúrò nílé mi, inú àpò tó ní síìpù ló ń wà, nínú búùtù mọ́tò, títí a ó fi dé ibi tá à ń lọ. Ọmọ mi ò gbọ́dọ̀ mú un dé ẹnu géètì, kódà tó bá jẹ́ ti síǹkì.

Ẹ má sì rọ ìkankan sínú ẹrù lọ sílé o. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ṣì múlẹ̀, àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù sì fi ìbọn ìléwọ́ oníatẹ́gùn sínú ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọlé rárá, ẹ̀bùn Kérésì yín lè di ẹjọ́ ní Múrítàlá.

Bàbá mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo lè gbé SMLE yẹn wálé kóun náà dì í mú. Mo ní kò ṣeé ṣe. Mo wá ní kí ọmọ mi fi fóònù yà mí ní réènjì, mo dúró bí bàbá àgbà ṣe dúró nínú fọ́tò, ìbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní báwo ló ṣe wúwo tó? Mo ní ó ń lọ sí kìlò 4. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Àti ẹrù lórí." Mi ò mọ ìyẹn rí, pé bàbá àgbà ru ẹrù. Ó ní bàbá àgbà gan-an ló sọ fún òun, ọjọ́ kan ṣoṣo, pé inú igbó yẹn, mọ́tò ò lè dé ibẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ru gbogbo nǹkan.